Òdòdó Tí Ń Bèèrè Òtútù

Ìbírọ́nkẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ láti ìlú òtútù,
ó fi pépà wé e, ó fi ìbọ̀sẹ̀ wé pépà.
Mo tú u. Mo rò pé ẹ̀gẹ́ ni,
tàbí orí iṣu tí eku jẹ kù.
"Píónì ni, Mọ́mì. Ẹ gbìn ín.
Bí ó bá tanná, ó tóbi ju orí ọmọ tuntun lọ."

Ní Ìkìjà níbí, ẹ̀yìnkùlé mi kì í ṣe ilẹ̀,
àpáta ni, tí ó gba iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lálejò.
Ibi tí ọkọ́ bá ti dún kàn, oko ti parí nìyẹn.
Etí odò Ògùn ni mo ti ń bu ilẹ̀ dúdú wá,
agbọ̀n kan, agbọ̀n kan,
láti ọdún tí bàbá Ìbírọ́nkẹ́ fẹ̀yìn tì ní rélùwéè Láfẹ̀nwá.
Ibẹ̀ ni ìdò dúró lé,
pupa bí ẹni tó ń bínú tí kò fẹ́ sọ ohun tó bí i;
ibẹ̀ ni ògèdè-odò, funfun, ọlọ́rùn gígùn,
òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí n rántí gbèsè.

Ṣùgbọ́n àlejò yìí, òtútù ló ń bèèrè.
Ọmọ mi ní àfi kó sùn nínú òtútù fún oṣù mẹ́ta.
Oṣù mẹ́ta!
Ọyẹ́ ọdún yẹn kò tilẹ̀ la ètè ẹnikẹ́ni.
Ni mo bá gbé e tọ Sídíkátù ẹlẹ́ja tútù lọ ní Ìta-Òṣìn:
"Bá mi tọ́jú òdòdó yìí sínú fíríìsà."
Ó wò mí títí. "Ìyá, ṣé ara yín yá?"
Síbẹ̀, ó fi í sáàárín títù àti pánlá.
Obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ rà á, ó ní kí wọ́n gé e sí mẹ́rin.
Iná lọ lọ́jọ́ Àìkú, kò dé títí Ọjọ́rú.
Nígbà tí mo gbà á padà,
ológbò mẹ́ta ló sìn mí délé.

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, mo gbìn ín.
Ó yọ ìka kan, pupa,
bí ìka ọmọ tí agbẹ̀bí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà.
Mo ń kí i láràárọ̀.
Mo ta agbòòrùn ìgbéyàwó mi lé e lórí.
Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, ooru àpáta mú un lẹ́sẹ̀,
ó tẹrí ba, kò gbé e sókè mọ́.
N kò sọ fún Ìbírọ́nkẹ́.

Sátidé ni mo máa ń to òdòdó fún ṣọ́ọ̀ṣì.
Ìdò lẹ́yìn, torí ó ga, ó sì mọ̀ pé òun ga;
ògèdè-odò láàárín;
màrìwò díẹ̀ létí,
bí Alàgbà Ṣódiípọ̀ kò bá sí nítòsí.
Ẹ̀gbẹ́ ni mo ń gé ìdí wọn sí, kí omi rí ẹnu ọ̀nà wọlé.
Ìkòkò aró ìyá mi ni mo ń lò, ó ti ṣán létí;
bí omi bá pẹ́ nínú rẹ̀, àwọ̀ aró a tún yọ díẹ̀,
bí ẹni pé iṣẹ́ kò tíì tán.

Tannápowó nìkan ni n kì í mú lọ.
Ìrọ̀lẹ́ ló ń là; kí ìsìn òwúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ó ti pajú dé.
Ta ló tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ yẹn?
Ọdún méjìlélógún ló ti ń tanná lójúde mi,
kò tíì pe kọ́bọ̀ wá.
N kò gbìn ín rí. Fúnra rẹ̀ ló ń hù.
Ó hù sójú ihò tí píónì kú sí.
Mo nawọ́ láti fà á tu,
ọwọ́ mi dúró.

Ìbírọ́nkẹ́ pè lánàá, bí agogo mẹ́fà ti ń lù.
Mo ń gbọ́ ọ tó ń wúkọ́.
"Mọ́mì, ṣé ó ti tanná?"
Orí àpáta ni mo jókòó sí, ooru ọ̀sán ṣì wà lára rẹ̀.
Níwájú mi ọ̀kan là,
òmíràn là, aláwọ̀ osùn, aláwọ̀ ìyeyè.
"Ó tanná," ni mo wí.
"Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń tanná níbí."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ya fọ́tò rẹ̀.
Mo ní ilẹ̀ ti ṣú jù.