Ojú Àwọ̀n

Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Fóònù mi gbọ̀n lórí tábìlì
bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sínú ọkọ̀.
Ṣíjúwadé ni, láti ọ́sípítù:
"Ràṣídá, orúkọ aláìsàn ń wọlé, ọjọ́ orí rẹ̀ ń wọlé,
àwòrán eegun rẹ̀ ni kò dé.
Ọmọkùnrin kan já bọ́ lórí ọ̀kadà ní Pọ́kà.
Dókítà ń wo ojú ẹ̀rọ,
ojú ẹ̀rọ ń wo dókítà."

Yàrá ẹ̀yìn nílé bàbá mi, Ẹ̀pẹ́, ni mo wà,
ọ̀sà ń mí nísàlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń wúkọ́.
Ẹ̀rọ méjì ni mò ń tọ́jú,
ẹ̀rọ tí kò lára, tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn:
ọ̀kan ń pa orúkọ mọ́, èkejì ń pa àwòrán mọ́.
Wọ́n ní inú àwọsánmà ni wọ́n wà.
Èmi mọ̀ pé ilé onílé ni, lókè òkun,
níbi tí a ti ń sanwó ilé ní wákàtí-wákàtí.

Mo kí èkejì: Ṣé o wà?
Ó ní: Mo wà.
Mo kí i nígbà ọgọ́rùn-ún, ó jẹ́ mi nígbà ọgọ́rùn-ún.
Ta ni yóò gbà pé ẹni tó ń dáhùn báyìí ń ṣàìsàn?

Mo wo àdírẹ́sì, kò sí méjì tó jọra.
Mo wo ọ̀nà, ọ̀nà mọ́ gaara.
Mo ka ìwé àwọn aṣọ́bodè láti ìlà dé ìlà, ojú ń ta mí.
Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn.
Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ṣe é.
Orúkọ kọjá. Àwòrán há.

Bàbá mi gbọ́ òṣé mi.
Ogójì ọdún ló fi ran àwọ̀n létí omi yìí,
abẹ́rẹ́ àwọ̀n ṣì wà lápò jalabíà rẹ̀.
"Kí ló sọnù?"
Mo ní nǹkan kékeré ń kọjá, nǹkan ńlá kò kọjá.
Ó rẹ́rìn-ín. "Edé lọ, ọ̀bọ̀kún há.
Ọjọ́ ayọ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ tèmi.
Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó?"

Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.
N kò tíì wọ̀n ọ́n.

Mo di ẹrù ẹgbẹ̀rún báìtì, ó kọjá.
Egbèje, ó kọjá.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ,
kẹ́kẹ́ pa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni a fi aṣọ àṣírí we gbogbo ẹrù
kí olè má baà rí inú rẹ̀ lójú ọ̀nà;
aṣọ náà ló jẹ àyè.
Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ kan wà, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju
kó sáré padà wá wí pé:
Ibí fún o, ẹ dín ẹrù kù.
Níbo ló wọlé sí?

Ẹnu ibodè ni mo ti bá ipasẹ̀ rẹ̀,
òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀, wọ́n dá wọn nù láìwí nǹkan kan.
Òfin kan ló wà níbẹ̀:
ẹni tó bá béèrè "Ṣé o wà?" nìkan ni kó wọlé,
ẹ má gbọ́ ti ẹlòmíràn.
Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò.
Ràṣídá Mùṣáfáù.

Mo pa á rẹ́. Mo gé ẹrù sí egbèje.
Aago mẹ́ta kù díẹ̀ kó lù, eegun ojúgun ọmọ Pọ́kà yọ,
funfun nínú òkùnkùn, ó sán bí àjẹ̀ àtijọ́.
Ṣíjúwadé ní, "Ó ti dé,"
ó sì pa fóònù.

Bàbá mi ṣì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.
"Èló," ó ní, "èló ni wọ́n ń san fún ọ
kí o lè jẹ́ kí ẹja lọ?"

N kò dá a lóhùn.
Ìlà tí orúkọ mi wà ni mo ń wò.