Ìkin Lẹ́yìn Wáyà

Àpò irúgbìn mẹ́ta ni mo rà lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì ní kánsù Iléṣà,
koríko òkèèrè, àwòrán rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ lára àpò.
Mo ní kí katakata hú ilẹ̀ Bàbá mi lọ́nà Ìbòdì.
Ó hú eruwà, ó hú gbági, ó hú ìkin,
ilẹ̀ wá dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Ìyá Fadérera, àbúrò Bàbá mi, dúró lẹ́yìn wáyà,
wọ́n káwọ́ lẹ́yìn, wọn ò bá mi jà.
Wọ́n kàn bèèrè pé, "Èyí tó o gbìn yìí,
ta ni yóò máa bomi rin ín tọ́yẹ́ bá dé?"
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀rọ ń bọ̀.

Ẹ̀rọ ò dé. Ọyẹ́ ló dé.
Ó fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, koríko òkèèrè di pépà,
ó ń dún ṣàràṣàrà lábẹ́ pátákò.
Màlúù mi méje, kúkurú ìbílẹ̀ tí ìwo wọn ò ju ìka lọ,
yí imú kúrò níbẹ̀
bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ kíkan síwájú rẹ̀.

Àdúlójú ló kọ́kọ́ dójú tì mí.
Mo bá a láàárọ̀, ó ti ki ọrùn bọ àárín wáyà,
ẹ̀gún há mọ́ awọ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀,
ó sì ń já a jẹ lọ, fàù, fàù:
ìkin tó yí ibojì Bàbá mi ká,
ibi kan ṣoṣo tí mo ní kí katakata má dé.

Mi ò lè lé e.
Ìyá Fadérera ti dé, ìrì ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn.
"Ẹ̀gbọ́n mi ò gbìn ín. Bàbá wa ò gbìn ín.
Iná ń jó o lọ́dọọdún, ó ń hù.
Ohun tó mọ ilẹ̀ kì í bèèrè ọ̀nà odò."
Wọ́n wá ń fi ọ̀pá tọ́ka bí ẹní ń kọ́ ọmọdé:
eèran nìyẹn, ó rọ̀ létè ọmọ màlúù;
eruwà, jẹ́ kí wọ́n tètè jẹ ẹ́,
tó bá gbó tán, òrùlé abà nìkan ló kù tó yẹ;
má sì jẹ́ kí ẹ̀kan tàn ọ́,
ahọ́n ẹran ló mọ bó ṣe mú.

Mo gé wáyà náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.
Ìdajì ilẹ̀ ṣì pá títí dòní, ojú ń tì mí láti gba ibẹ̀ kọjá.
Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò kejì mo rí ewé kan
lójú ipa ẹsẹ̀ katakata,
ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń gún òkè bọ̀.
Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.
Mo lọ pe Ìyá.