Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Iná dé nígbà tí aago márùn-ún ku díẹ̀.
Mo gbọ́ tí firíìjì ilé kejì húkọ́, mo fò dìde,
ìró lásán ni mo ró dé ṣọ́ọ̀bù l'Ókèsà.
Abọ́ṣẹ̀dé ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn,
ó di àpò aṣọ mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Ọwọ́ ara rẹ lo máa fi tẹ̀ ẹ́ lónìí.
Má wo ojú mi. Wo aṣọ.
Fi àtàǹpàkò pa á lára, kí o gbọ́ èsì:
òwú a máa dáhùn jẹ́ẹ́, pólísítà a máa ké ṣíì,
náílọ́ọ̀nù kì í sọ nǹkan kan,
ó kàn máa ń ká jọ bí awọ ẹran tó rí iná.

Òwú kì í ṣojo. Fún un ní ọgọ́jọ dígírì,
ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tẹ̀ ẹ́ kankan.
Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lófìfo ná:
ìbáà ṣe ọyẹ́, ìbáà ṣe òjò, omi kì í tán lára aṣọ n'Íléṣà,
omi tí ojú kò rí yìí ní í gbé lẹ́tà dìde lẹ́yìn ìfọ̀ kejì,
tí oníbàárà á fi máa pè ọ́ lólè.
Yí lẹ́tà sódì kí o tó gé e.
Ohun tó bá tọ́ lójú rẹ báyìí, òdì ni láyà ẹni tó máa wọ̀ ọ́.

Yíǹkì tó ń di èéfín, igba dín mẹ́wàá ló ń jẹ,
ìṣẹ́jú kan gbáko. Kò fẹ́ òwú.
Bí pólísítà bá dúdú, kò ní hàn, má bá a jà.
Gílítà, jẹ́ kó tutù kí o tó ṣí i.
Kọ́ọ̀pù ní irin tirẹ̀, a ò tíì débẹ̀.
Má bi mí pé ta ló ṣòfin.
Mo ba márùndínlógójì jẹ́ kí n tó mọ̀.

Fápohùndà, baba tó bí ìyá mi, àwìn ló ń ta aṣọ,
títí dé Ìkàrẹ́, títí dé Ọ̀fà.
Bí ọjọ́ bá pé, á lọ ṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní jókòó, kò ní mu omi wọn.
Òṣómàáàló.
Èmi náà ń ṣó níwájú irin,
ojú mi ń bẹ lára nọ́ńbà pupa tó ń ka ara rẹ̀ padà sẹ́yìn.
Ooru jẹ mí ní gbèsè. N ò ní dìde kó tó san án.

Ìyá Olúgbódi mú jákẹ́ẹ̀tì òjò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá,
ti ọmọ rẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà kó tó gba ọ̀nà Líbíà lọ.
"Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lẹ́yìn, kí n máa wọ̀ ọ́ lọ sóko."
Náílọ́ọ̀nù ni, ó sì ti gbó. Àádóje ni mo wí.
Irin ṣì wà lórí ọgọ́jọ tí a fi tẹ aṣọ àwọn ọmọ Báptíìsì.
Èjìká òsì yọ́ mọ́ ọn. Òórùn rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.
Obìnrin náà kò pariwo.
Ó nà án sí ìmọ́lẹ̀, ó ti ìka kan bọ inú ihò náà,
ó ní, "Èjìká yẹn náà ló máa ń dà sílẹ̀ tó bá ń rìn."
Abọ́ṣẹ̀dé kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, òwú rèé, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì.
Òwú ni yóò gba orúkọ,
abẹ́rẹ́ ni yóò rán òwú bo ihò.

Ó fa ọwọ́ irin wálẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rìnlá.
Ó ku méje, iná lọ.
Gbogbo àdúgbò ṣe háà.
Nọ́ńbà pupa kú lójú wa.
Ó fẹ́ ṣí i, mo ní rárá,
irin kò tíì gbọ́ pé iná ti lọ.
Ṣó sílẹ̀. Fẹnu kà á.
Kà á dé méje, kí o fi márùn-ún lé e
fún ohun tí a ò mọ̀.