Mo Fẹ́ Yọ́ Jáde Nílùú

Aago márùn-ún ìdájí, mo ti gbé báàgì kọ́ èjìká.
Mi ò tan iná. Mi ò jẹ́ kí ìlẹ̀kùn ké.
Bàtà mi wà lọ́wọ́, bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò.
Bí mo bá dé Èkó, màá pè wọ́n.
Bí mo bá dé Èkó, wọn ò ní rí mi dá dúró mọ́.

Ọlọ́kadà àkọ́kọ́ tí mo nawọ́ sí,
Súlè ni, ọmọ Ìyá Oníkajú.
“Àǹtí Fọ́tókópì, ta ló ń ṣàìsàn?”
Nítorí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá jáde ṣáájú adìẹ,
ọsibítù ló ń lọ, tàbí wọ́n ti túfọ̀ fún un.
Mo ní mò ń lọ gbafẹ́.
Ó wo báàgì. Ó wò mí. Kò gba owó.

Ọdún méje ni mo ti ń tẹ̀wé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bàá géètì yunifásítì.
Bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, ìlú á fẹ̀ lójijì
bí aṣọ tó tóbi ju ẹni tó wọ̀ ọ́.
Ẹ̀rọ mi á dákẹ́,
eruku á jókòó sórí rẹ̀ bí oníbàárà.
Bàbá Atilọ́lá tó ni ṣọ́ọ̀bù kì í béèrè owó lóṣù bẹ́ẹ̀;
á kàn kọjá, á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
á ní, “Òjò tún ṣú.”
Bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run mọ́ kedere.
Ikọ́ yẹn wúwo ju ìwé lọ́yà lọ.

Ìlú tí mo ti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Tákíé laago mẹ́wàá,
kó tó dọ̀sán, àbúrò màmá mi ní Ìjẹ̀rù
ti ránṣẹ́ pé kí n yé bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.
Ìlú tí mo ti bá ọkùnrin kan jẹ súyà, ẹ̀ẹ̀kan péré,
tí wọ́n fà mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè:
“Ìran wọn máa ń tètè bínú o.”
Ojú pọ̀ níbí. Ojú pọ̀ ju ilé lọ.

Ní gáréèjì, awakọ̀ tó ń pe Èkó,
Ògúngbèmí ni, a jọ ka pírámárì.
“Ìwọ nìkan? Màmá mọ̀?”
Oníbúrẹ́dì ní, “Télọ̀ ti rán aṣọ rẹ tán láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”
Ọ̀gbẹ́ni kan tí mi ò mọ̀ rí,
mo búra, mi ò mọ̀ ọ́n rí,
ní, “Bí bàbá yín ṣe máa ń fẹ imú nìyẹn
bí inú bá ń bí wọn.”

Báàgì ń wúwo sí i.
Mo ní, “Ìlọrin ni mò ń lọ. Íńkì ni mo fẹ́ rà.”

Ni mo bá kúkú lọ Ìlọrin,
tí mi ò ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀.
Mo jókòó lẹ́bàá títì, kò sẹ́ni tó kí mi.
Fún wákàtí mẹ́ta, mi ò jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.
Ó dùn, mi ò ní purọ́.
Ó dùn bí omi tútù lẹ́nu ẹni tó gbààwẹ̀.
Nígbà tó yá, ó wá dà bíi pé mo ti kú díẹ̀.
Mo ra íńkì, kí irọ́ mi lè ní ẹsẹ̀.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí mo padà wọ̀lú.
Mángòrò ń já lu páànù onílé, gbì, gbì,
àwọn ọmọdé ń sáré tọ ìró.
Súlè ló tún gbé mi.
“Ẹ kú ìrìn íńkì,” ló wí, kó tó wo báàgì,
“íńkì yìí á mà pọ̀ o.”

Ẹnì kan ti gbé ẹ̀wà sẹ́nu ọ̀nà mi,
ó fi àwo bò ó, ó fi òkúta lé àwo.
Mi ò béèrè ẹni tó gbé e wá.
Mo fi ìbínú jẹ ẹ́ tán.

Wọn ò fi iyọ̀ sí i.