Ẹ̀rọ Tó Ń Lóṣòó

Ìbídàpọ̀, gbé kákúlétọ̀ yẹn sílẹ̀ ná.

Bàbá wa àgbà, Fápohùndà, òṣómàáló ni.
Ó ń ru aṣọ láti Iléṣà wọ Èkìtì, ó ń tà á láwìn.
Bí oṣù bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní bú ọ, kò ní pariwo,
á kàn lóṣòó títí ojú yóò fi tì ọ́.
Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń ṣe òṣómàáló.

Lọ́dún tí mo ra eléyìí tó wà ní kọ̀rọ̀,
ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán bíi bàtà ọdún.
Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní Ṣómólú
ti gé ìdajì owó kúrò kí n tó lanu.
Ẹ̀rín ni mo rín wọ Òkèsà.
Oṣù kẹta, róólà bó bí èèpo iṣu.
Ìdìbò dé: ojú olóṣèlú jáde ní mẹ́ta, imú ń sáré tẹ̀lé ara wọn,
ó bi mí bóyá alátakò òun ló bẹ̀ mí lọ́wẹ̀.
Ẹlẹ́pà Ìsọ̀kùn ò ra pépà fún odidi ọdún,
kàlẹ́ńdà ìjọ tí mo bà jẹ́ ló fi ń di ẹ̀pà.
Páàtì lónìí, mẹkáníìkì lọ́la,
gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń lóṣòó tì mí, òróró ń kán lábẹ́ rẹ̀:
owó mi kù.
Ìdajì tí wọ́n gé fún mi lọ́jọ́sí, ó ti gbà á tán.
Èlé ló ń gbà báyìí.

Wá wo ti opó Jẹnríyìn n'Íjàmọ̀.
Oko kòkó lọkọ rẹ̀ tà fi ra irin Jámánì yẹn;
àwọn ẹbí ní orí rẹ̀ ti yí.
Ó pé ọdún méjìlélógún tí bàbá náà ti lọ,
irin ò tíì gbọ́.
Òun ló tẹ ìwé ìsìnkú olówó rẹ̀,
mo ṣì ní ọ̀kan: etí fìlà, ilà ojú, gbogbo rẹ̀ mú ṣáṣá,
bí ẹni pé yóò bi ọ́ pé kí lò ń wò.

Torí náà, iye tí wọ́n ń tà á kọ́ ni kó o bi mí.
Bi mí ní iye tí yóò jẹ.
Bi mí lẹ́ni tí yóò tún un ṣe
lóru ọjọ́ tí ìwé ìdánwò ku ọ̀la
tí iná mànàmáná ń ṣẹ́jú.

Mo mọ̀. Owó ọwọ́ wa ò tó ti Jámánì.
Mo mọ iye tó kù, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.
Ṣùgbọ́n dákẹ́ ná, tẹ́tí sí kọ̀rọ̀.
Tó. Tó. Tó.
Ọjọ́ Ẹtì mà ni òní.