Kọ́kọ́rọ́ Ilé Bọ́ọ̀lù

Kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn òkè Ẹ̀fọ̀n,
ìgbálẹ̀ la kọ́kọ́ ń dì mú, kì í ṣe bọ́ọ̀lù.
Tísà Fámúrewá a dúró ti òpó,
ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, kò ní sọ̀rọ̀.
A gbá yanrìn, a gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́,
Ìbídùn a máa kùn:
"Ṣé iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ la wá kọ́ ni?"

Apẹ̀rẹ̀ wa kò ní àwọ̀n.
Bọ́ọ̀lù a wọlé, kò ní dún;
ẹni tó jù ú ló mọ̀,
òun àti ọkàn rẹ̀.

Ọjọ́ tí a pàdé àwọn Ìkẹ́rẹ́ l'Ádó,
ó ku ìṣẹ́jú kan, wọ́n fi àmì kan ṣáájú.
Bọ́ọ̀lù fò jáde. Rẹfirí fọn fèrè,
ó nawọ́ sọ́dọ̀ wa: tiwa ni.
A ti ń hó yèè
kí Ìbídùn tó nawọ́ sókè:
"Ọ̀gá, ọwọ́ mi ló bà á kẹ́yìn."

Àmì kan náà ni wọ́n fi nà wá.
Nínú ọkọ̀, n kò bá a sọ̀rọ̀
títí a fi kọjá Àràmọ̀kọ.
Inú bí mi. Ó ṣì ń bí mi díẹ̀ dòní.

Tísà kò wàásù.
Nígbà tí a délé, ó bọ́ okùn kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn ara rẹ̀,
ó fi kọ́ ọmọ náà lọ́rùn:
"Láti ọ̀la, ìwọ ni kó o máa ṣílẹ̀kùn."

Ìdájí ọjọ́ kejì,
mo gbọ́ ṣàà, ṣàà, láti orí ibùsùn.
Mo dìde,
mo wá ìgbálẹ̀ tèmi.