Ẹ̀yìn Ògiri Òkúta

Wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.
Ṣùgbọ́n ní Castleton, lọ́jọ́ Àìkú tí oòrùn bá yọ,
ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń gbà lọ sórí òkè.
Mọ́tò tò títí dé ẹnu géètì àgbẹ̀,
ajá ń fa olówó rẹ̀, bàbá gbé ọmọ kọ́rùn,
àwọn ọ̀dọ́ tò sórí ìlà nídìí òpó òkúta tó wà lókè
kí oníkálukú lè ya fọ́tò
bí ẹni tó dá wà.

Mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Sheffield,
iṣẹ́ alẹ́ ṣì wà lójú mi bí iyanrìn.
Òkè yìí, Ìyá ni wọ́n ń pè é láti ayé àtijọ́.
Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lónìí ju èyí tí ọ̀já lè gbà lọ.

Ṣùgbọ́n mo ní àṣírí kan lápò.
Ọ̀gbẹ́ni Ollerenshaw ló fún mi,
ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́rùn-ún tó fi ogójì ọdún fọ́ òkúta,
tí mò ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́ nílé àwọn arúgbó.
Ẹsẹ̀ náà kò lè tẹlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ ọ̀nà.
Ó fi ìka yàwòrán sórí aṣọ ìbùsùn:
“Bí wọ́n bá yà sọ́tùn-ún, ìwọ yà sósì.
Ògiri òkúta kan wà tó ti wó níbì kan.
Tẹ̀lé e. Má bẹ̀rù màlúù.
Bí o bá gbọ́ omi tí o kò rí i, o ti dé.”

Mo yà sósì.
Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ariwo àwọn ọmọdé di ti kòkòrò.
Ní ogún, ó di ohun tí mo kàn ń rò.
Ẹrẹ̀ dúdú gbé bàtà mi mì, ó tu ú jáde.
Koríko olórí funfun ń mirí
bí àgbààgbà tí oorun ń kùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì.
Àgùntàn kan wò mí, ó ń jẹnu lọ,
kò bi mí pé níbo ni mo ti wá,
níbo gan-an.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ omi,
lábẹ́ òkúta, bí ẹni tó ń fọ abọ́ ní yàrá kejì.
Mo jókòó.

Nílé wa, ẹni tó bá dá jókòó,
wọ́n á ní kí ló ṣe é.
Màmá mi á ní, “Ènìyàn laṣọ, Àwẹ̀ró.”
Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi. Ènìyàn laṣọ.
Mo kàn bọ́ ọ fún wákàtí kan ni,
kí afẹ́fẹ́ lè kan awọ ara mi.
Èmi tí mo dáhùn agogo yàrá méjìdínlógún mọ́jú,
èmi tí orúkọ mi ń kán sí méjì lẹ́nu wọn,
mo pe oríkì ara mi sókè, lẹ́ẹ̀kan péré.
Àgùntàn náà gbórí.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.
Mo dákẹ́.
Tara mi ló wá ń sọ̀rọ̀.
Ohun tó sọ, ti èmi àti omi ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo mú irun àgùntàn kékeré kan
tí mo rí tó há mọ́ wáyà,
mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ollerenshaw.
Ó gbé e símú. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
“Ṣé ó ṣì ń dún?”
“Ó ṣì ń dún, sà.”
“Ta lo sọ fún?”
“N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ìwọ tó ń ka èyí, má bínú.
Ògiri tó wó pọ̀ lágbègbè Derbyshire,
mo sì lè ti pa òsì
àti ọ̀tún dà.